Ọ̀gá Ọjọ́ Méjì Lọ́sẹ̀: Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí A Gba Alákòókò-Díẹ̀ Láti Darí Àtinúdá Nílé Iṣẹ́ Ẹ̀gẹ́ Wa

Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀gá kan tí yóò máa wá ní ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ láti darí ohun tuntun nílé iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀gá náà kò ní sí níbẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rò. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń bi mí léèrè nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí wọn yóò san, ìwé ẹ̀rí tí ẹni náà ní, àti ilé iṣẹ́ ńlá tó ti ṣiṣẹ́ rí. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹni náà kò sí nínú ọgbà ni iṣẹ́ rẹ̀ ń rìn tàbí tó ń dúró, ọjọ́ yẹn ló sì pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀.

Ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ wa wà, ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá. Ìyá mi ni wọ́n dá a sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kan àti agbada díẹ̀. Gààrí, láfún àti fùfú ni à ń ṣe. Àgbẹ̀ á kó ẹ̀gẹ́ wá, àwọn obìnrin á bó o, ẹ̀rọ á rin ín, a ó dì í sápò, a ó fi jáàkì fún un, a ó kù ú, a ó sì yan án. Ẹni tó bá mọ ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé kì í dúró de èèyàn. Bí wọ́n bá ti hú u, láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń bàjẹ́ nínú. Nítorí náà, ìkánjú ni gbogbo ilé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ fi ń ṣiṣẹ́. Ìkánjú yìí gan-an ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè ronú kan ohun tí a kò ṣe rí. Gbogbo òwúrọ̀ ni ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀, ẹ̀gẹ́ òní ni kí a sì kọ́kọ́ gbà là.

Ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ náà di dandan fún wa. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Nígbà tó di oṣù kẹfà, wọ́n tún jẹ́ kí náírà lọ wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Owó ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ wọlé fò sókè, owó ọ̀rá tí a fi ń di gààrí fò sókè, owó ohun èlò ẹ̀rọ kò ṣe é gbọ́ sétí. A kò lè máa fi gbogbo rẹ̀ lé orí gààrí, torí ẹni tó ń ra gààrí ni ìyà náà ń jẹ jù. Ó yẹ kí a rí owó mìíràn nínú ẹ̀gẹ́ kan náà tí a ń rà.

Ẹni tó mọ bí a ti ń ṣe irú rẹ̀ wà, àmọ́ a kò lágbára láti gbà á pátápátá. Ọ̀gá tó ti darí ẹ̀ka ìwádìí nílé iṣẹ́ oúnjẹ ńlá ní Àgbárá tàbí Ìkẹjà, owó oṣù rẹ̀, mọ́tò rẹ̀ àti ilé rẹ̀ yóò gbé owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé nílùú Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé níbẹ̀, ilé iṣẹ́ kéékèèké máa ń pín ọ̀gá kan lò: ọ̀gá ètò ìnáwó kan náà lè wà ní ilé iṣẹ́ mẹ́ta, kí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, kí wọ́n sì jọ gbé owó rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan ti ń gba ọ̀gá àtinúdá bẹ́ẹ̀ náà. Mo ní bóyá èyí ni yóò bá wa mu.

Kí n tó lọ síwájú, mo fẹ́ ya ọ̀gá alákòókò-díẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára agbaninímọ̀ràn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da méjèèjì pọ̀. Agbaninímọ̀ràn á wá, á wo ilé iṣẹ́ rẹ, á kọ ìwé kan tó nípọn, á gba owó rẹ̀, á sì lọ. Bí o bá fẹ́, o lè tẹ̀ lé e. Bí o kò bá fẹ́, ìwé náà yóò wà nínú àpótí. Ọ̀gá ni ẹni tí èmi ń sọ. Ó ní ohun tó lè pàṣẹ lé lórí láì wá béèrè lọ́wọ́ mi, ó ní owó tó lè ná, bí nǹkan náà kò bá sì yọrí, òun ni a ó pè. Bí o kò bá ṣe tán láti yọ nínú àṣẹ rẹ fún un, má wulẹ̀ dárúkọ ọ̀gá fún un. Gba agbaninímọ̀ràn, yóò dín owó kù fún ọ.

Èèyàn méjì ló kù nígbà tí a ti yẹ gbogbo wọn wò. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Manchester, onímọ̀ oúnjẹ tó gbóná gan-an, tó sọ pé orí ẹ̀rọ ayélujára ni òun yóò ti máa bá wa ṣe é. Èkejì jẹ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ oúnjẹ kan l'Ékòó, tó sì ti ń bá ilé iṣẹ́ méjì mìíràn ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kan kan lọ́sẹ̀. Owó ti Manchester kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti èkejì lọ, ìwé rẹ̀ sì pọ̀ jù. Síbẹ̀ obìnrin Èkó ni mo mú. Nínú iṣẹ́ ẹ̀gẹ́, ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ti gbẹ tó, imú ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ti kan tó. Mi ò rí bí èèyàn yóò ṣe fi fóònù gbóòórùn.

Ìbéèrè kan ni mo bi àwọn méjèèjì: "Kí ni ẹ ti dá dúró rí?" Ẹni tó ń wá iṣẹ́ àtinúdá á sọ gbogbo ohun tó ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ láì sinmi, kò sí ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti wo ohun kan tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn, tí owó ti wọ inú rẹ̀, kí ó sì sọ pé kí wọ́n pa á tì. Obìnrin náà ronú díẹ̀, wọ́n wá sọ ìtàn ohun jíjẹ ọmọdé kan tí àwọn ṣe, tí gbogbo èèyàn yìn, ṣùgbọ́n tí kò lè pẹ́ nínú àpò kí ó tó yí adùn padà nínú ooru ọjà wa. Wọ́n ní àwọn ló kọ ìwé pé kí wọ́n dá a dúró, ọ̀gá wọn sì bínú fún ìgbà pípẹ́. Ìtàn yẹn ni mo fi gbà wọ́n.

Àwọn òṣìṣẹ́ wa sọ wọ́n ní Àǹtí Túsìdeè, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n ń wá sí ọgbà. Ní Tọ́sìdeè, wọ́n máa ń wà níta fún wa: lọ́dọ̀ oníbàárà, ní yunifásítì, ní ọ́fíìsì ìjọba.

Ṣáájú kí wọ́n tó wọlé, iṣẹ́ kan wà tí èmi gan-an ní láti ṣe. Olórí ìṣelọ́pọ̀ wa jẹ́ àgbàlagbà tó ti wà pẹ̀lú ìyá mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Ẹ̀rọ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ju Àǹtí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Èmi àti ìyá mi lọ bá wọn nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, a kò jẹ́ kí ó di ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì.

Mo ní, "Bàbá, ẹnì kan ń bọ̀ wá bá wa ṣiṣẹ́. Wọn kò wá gba ipò yín o."

Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní, "Ṣé ẹni yẹn ló máa wá pàṣẹ lórí ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ ara mi tò?"

Ìyá mi ló dá wọn lóhùn: "Kò sẹ́ni tó máa pàṣẹ fún yín lórí gààrí. Ohun tí a kì í ṣe tẹ́lẹ̀ ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ya ọ̀nà yín, èmi ni kí ẹ wá bá."

Ọ̀rọ̀ ìyá mi yẹn ni mo wá kọ sínú ìwé àdéhùn, ní èdè àwọn agbẹjọ́rò. Gààrí, láfún àti fùfú tí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, Bàbá Ẹ̀rọ ló ni àṣẹ wọn. Ohunkóhun tí a kò tíì tà rí, Àǹtí ló ni. Ààlà yìí gbà wá lọ́wọ́ ìjà púpọ̀. Mo ti rí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti mú ọ̀gá àtinúdá wọlé láìsọ ibi tí àṣẹ rẹ̀ parí sí, tí òun àti olórí ìṣelọ́pọ̀ sì ń fa ẹ̀rọ kan ṣoṣo mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí ó fi rẹ oníkálùkù.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Àǹtí dé, wọ́n kúnlẹ̀ kí Bàbá Ẹ̀rọ, wọ́n ní kí Bàbá mú àwọn yí ọgbà ká. Bàbá a máa fi etí mọ̀ bí eyín ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ bá ti ń kú. Àǹtí dúró tì wọ́n nídìí ẹ̀rọ náà títí ó fi yé wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Yorùbá ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tó ń wá lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ yóò pẹ́ nípò àlejò ju ẹni tó ń wá lójoojúmọ́ lọ, àfi bí ó bá yá ojú onílé lò.

Mo rò pé wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí àpò tuntun tàbí adùn tuntun. Síkéèlì ni wọ́n ní kí a rà. Wọ́n ní kí a wọn ẹ̀gẹ́ tó wọlé, kí a wọn èèpo, kí a wọn èyí tí a ti fún, kí a wọn gààrí tó jáde. A ti mọ iye tí a fi ń ra ẹ̀gẹ́ àti iye tí a fi ń ta gààrí, ṣùgbọ́n a kò tíì fi ìwọ̀n tẹ̀ lé ẹ̀gẹ́ kan láti ẹnu ọ̀nà dé inú àpò. Nínú tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan, gààrí tó máa ń jáde kì í sábà ju 200 sí 250 kílò lọ. Omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù, ìyẹn yé gbogbo ayé. Èèpo ló tẹ̀ lé e. Bí a bá fi ọ̀bẹ bó ẹ̀gẹ́, tí a gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò, ohun tí a jù sílẹ̀ lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Owó ẹ̀gẹ́ ni a fi ra ìyẹn, a sì tún ń sanwó fún ẹni tó ń bá wa kó o dànù.

Gbogbo ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí mọ òkìtì èèpo yẹn. Lásìkò òjò, ó ń rà, ó ń rùn, omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sójú odò. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun ún, èéfín á bo àdúgbò. Àwọn tó ń sin ewúrẹ́ máa ń wá ṣa díẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Bí òjò bá pa á kí ó tó gbẹ, ó ti bu nìyẹn, èyí tó bu sì lè ní májèlé tó ń pa ẹran nínú. Èèpo tútù náà ní májèlé sáyánáìdì tó ju ti inú ẹ̀gẹ́ lọ, nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń dà sílẹ̀ fún ẹran bẹ́ẹ̀.

Àǹtí kò wá hùmọ̀ ohun tí ayé kò rí rí. Wọ́n mọ̀ pé ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí wa, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ILRI tó ń rí sí ẹran ọ̀sìn àti àwọn ti IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1967, ti fi ọ̀nà kan lélẹ̀ tí a fi ń sọ èèpo tútù di oúnjẹ ẹran láàrin ọjọ́ kan. Ọ̀nà náà kò ṣàjèjì sí oní-gààrí: a ó rin èèpo, a ó fún omi rẹ̀, a ó kù ú, a ó wá sá a tàbí kí a yan án. Nítorí pé ẹ̀rọ ti rin ín wẹ́wẹ́, omi yára jáde, ó sì lè gbẹ láàrin wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ bí oòrùn bá mú. Èyí tó kúnná wà fún ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ, èyí tó rí pàlàpàlà wà fún ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ló ń fúnni ní bíi tọ́ọ̀nù kan èyí tó gbẹ.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí ibí yìí díẹ̀. Ìmọ̀ náà ti wà nílẹ̀. Kò sí ẹni tó tì í pa mọ́. Irú rẹ̀ pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí: ilé ìwádìí FIIRO wà ní Oshòdì láti ọdún 1956, wọ́n sì ṣiṣẹ́ ribiribi lórí fífi ẹ̀rọ ṣe gààrí, FUNAAB, yunifásítì ètò ọ̀gbìn Abẹ́òkúta, wà lẹ́yìn ilé wa gan-an. A ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọkọ̀ ẹ̀gẹ́. Ohun tí owó tí a san fún ọ̀gá alákòókò-díẹ̀ rà fún wa ni ẹni tó mọ ilẹ̀kùn tí a ó kàn, tó mọ ohun tí a ó béèrè nígbà tí wọ́n bá ṣí i, tó sì lè sọ èyí tó bá ẹ̀rọ wa mu nínú ohun tí wọ́n bá sọ. Kò gba kí ẹni bẹ́ẹ̀ máa jókòó sí ọ́fíìsì láti Mọ́ńdè dé Fúráídè.

Síbẹ̀, láti ìwé dé ilẹ̀, ọ̀nà jìn. Ohun àkọ́kọ́ tó dojú kọ wá ni iyanrìn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn obìnrin wa ń da èèpo sí, wọ́n á wá gbá a jọ tòun ti òkúta. Àǹtí ní kí wọ́n máa dà á sórí tapólì. Wọ́n gbọ́ ọ lọ́jọ́ Túsìdeè, nígbà tó di Wẹ́sìdeè wọ́n ti padà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí tapólì ń yọ̀, ó sì ń dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbà tí a fi owó díẹ̀ kún un fún agbọ̀n èèpo tó bá mọ́ ni ó tó dúró. Ohun kejì ni ẹ̀rọ. Bàbá Ẹ̀rọ ní ẹ̀rọ tó ń rin gààrí ọmọ aráyé kò gbọdọ̀ fi eyín kan èèpo, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ogbó ẹ̀rọ kan wà lẹ́yìn ilé tó ti dógùn-ún. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n lọ wọ́ ọ jáde, wọ́n ṣe eyín tuntun sí i, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ mìíràn kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í lò. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ èèpo ti di tiwọn. Èmi ò lè fi owó ra ìyẹn.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà ró láàrin Túsìdeè kan sí òmíràn ni ọmọbìnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ní FUNAAB, tó wá sìnrú ìlú lọ́dọ̀ wa, tí a sì gbà síṣẹ́ lẹ́yìn náà. Kí a tó gba Àǹtí rárá ni wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn kò ní wá bí kò bá sí ẹnì kan tó máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, tí iṣẹ́ tuntun náà nìkan yóò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní ṣé kò lè pa á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtajà ni? Wọ́n ní rárá, pé iṣẹ́ òní a máa jẹ iṣẹ́ ọ̀la. Wọ́n sọ òótọ́. Ọmọ yìí ní ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan: ìwọ̀n èèpo, iye wákàtí tó fi gbẹ, bí ojú ọjọ́ ti rí, ohun tó bàjẹ́, ohun tí Bàbá Ẹ̀rọ sọ. Lálẹ́, ó máa ń ya ojú ìwé náà, á fi ránṣẹ́ sí Àǹtí lórí WhatsApp. Àǹtí á fi ohùn dá a lóhùn láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ wọn mìíràn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Túsìdeè, wọn kì í bi wá ní "Báwo ni nǹkan?" Wọ́n ti mọ̀. Ibi tó ti há ni wọ́n máa ń lọ tààrà.

Bí ẹ bá ní owó fún ẹnì kan ṣoṣo nínú méjèèjì, ẹ gba ọmọ tó máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ fi wíwá ọ̀gá sílẹ̀ di ọdún tí owó bá tó. Ọ̀gá tí kò ní ọwọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ni yóò máa sọ.

Ọ̀rọ̀ owó níná fa àríyànjiyàn pẹ̀lú akáńtáǹtì wa. Mo ní kí a ya owó kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, tí Àǹtí àti ọmọ yìí lè ná lórí ìdánwò láì wá gba ìbuwọ́lù mi, kí wọ́n sáà mú rìsíìtì wá. Akáńtáǹtì ní a kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, pé àwa tí a wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ gan-an ń tọrọ owó kí a tó ra bẹ́líìtì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: bí ọ̀gá ọjọ́ méjì bá béèrè asẹ́ lọ́jọ́ Túsìdeè, tí mo wà ní ìrìn àjò, tí mo buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nítorí asẹ́. Owó náà kò pọ̀, ó ní gbèdéke, a sì ń wo ìwé rẹ̀ níparí oṣù. Mo dúró lórí rẹ̀.

Nípa owó oṣù tiwọn, mo kọ̀ láti san án ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí à ń sanwó ọjọ́ fún, ọjọ́ ni yóò máa wá. A fi ẹnu kò sí owó oṣooṣù kan fún iṣẹ́ tí a là kalẹ̀ fún oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a sì fi ìpín kékeré kan kún un nínú èrè ohun tuntun tó bá ta, fún àkókò tó ní òpin. A kò so owó kankan mọ́ iye ohun tuntun tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ì bá sọ ọgbà wa di ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń béèrè bóyá ẹ̀rù kò bà mí pé wọ́n ń bá ilé iṣẹ́ mìíràn ṣiṣẹ́. Ohun tó yẹ kí a kọ sílẹ̀ ni, kò yẹ kí a máa fi ẹ̀rù gbé e. Ìwé àdéhùn wa dárúkọ irú òwò tí wọn kò gbọdọ̀ bá ṣe níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà pẹ̀lú wa: ẹ̀gẹ́ àti oúnjẹ ẹran. Ìyókù, ayé ni. Agbẹjọ́rò wa tún là á yé wa pé òfin Patents and Designs ti Nàìjíríà, tó wà láti ọdún 1970, sọ pé ohun tí ẹnì kan bá hùmọ̀ nínú iṣẹ́ tí a fi àdéhùn gbé fún un, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún un ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀, ìwọ̀n àpòpọ̀ àti orúkọ oníbàárà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni máa lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ l'Ábújá. Nítorí náà a kọ ọ́ gbangba pé ilé iṣẹ́ ló ni wọ́n, àti pé ìwé àkọsílẹ̀ náà kò gbọdọ̀ kúrò nínú ọgbà.

Iṣẹ́ tí mo dúpẹ́ fún jù lọ́wọ́ Àǹtí ni èyí tí wọn kò jẹ́ kí a ṣe. Èmi ti ń fẹ́ ẹ̀rọ ńlá tó ń mú ìyẹ̀fun gbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní flash dryer, kí a lè máa ṣe ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ fún àwọn oní-búrẹ́dì. Báńkì kan ti fẹ́ yá wa lówó. Àǹtí jókòó, wọ́n ka ìtàn náà fún mi. Ọdún 2002 ni ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ètò ńlá lórí ẹ̀gẹ́ dìde, wọ́n sì tún sọ pé kí àwọn oní-fúláwà máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kún àlìkámà. Nígbà ìjọba Jonathan, Akinwumi Adesina tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn láti 2011 sí 2015 tún gbé búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ sókè lọ́nà tí gbogbo ìlú fi gbọ́. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, àwọn èèyàn lọ ra ẹ̀rọ. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ọwọ́ ìjọba dẹ̀, àwọn ọlọ́lọ̀ padà sórí àlìkámà wọn, ẹ̀rọ púpọ̀ sì dúró lásán. Wọ́n bi mí pé, "Ta ni yóò ra ìyẹ̀fun yín lọ́jọ́ tí ìjọba bá dákẹ́?" Mi ò ní orúkọ ẹyọ kan láti dá. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ta èèpo."

Ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa nìkan, ó ṣòro fún un láti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ilé iṣẹ́ méjì mìíràn tó ń gbà á kò ní bẹ̀rù mi. Èyí wà lára ohun tí mo sanwó fún, bí mi ò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Oṣù bíi mélòó kan kọjá kí èèpo tó mú owó wọlé, ìyẹn sì jẹ́ àkókò líle. Àwọn oníbàárà kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Aró, ní ààlà Èkó àti Ògùn, ní kí a gbé àpò ìdánwò wá ná, kí àwọn rí i bí ẹlẹ́dẹ̀ àwọn yóò ti jẹ ẹ́. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ oúnjẹ ẹran béèrè èsì àyẹ̀wò láàbù: omi inú rẹ̀ àti sáyánáìdì. Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni Àǹtí fi ṣe gbogbo ìyẹn, láti oko kan dé òmíràn. Mo ti gbọ́ tí àwọn oníṣòwò ń sọ pé ọ̀gá àtinúdá gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà ní ọjọ́ méjèèjì tó bá ní. Èmi ò gbà. Ọjọ́ kan nínú ọgbà, ọjọ́ kan lọ́dọ̀ ẹni tó máa rà á. Bí ọ̀kan bá gbọdọ̀ dín, kí ti inú ọgbà dín.

Àsìkò òjò ṣì ń yọ wá lẹ́nu. Oòrùn kò tó, bí a bá sì ní kí a yan gbogbo rẹ̀ ní agbada, igi ìdáná á gba èrè tán. A ń dín iye tí à ń ṣe kù láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, a sì ti sọ fún àwọn oníbàárà kí wọ́n tó sanwó.

Àdéhùn wa ti yí padà báyìí. Ọmọbìnrin tó ń kọ ìwé ti di olórí ẹ̀ka èèpo, ó ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, òun àti Bàbá Ẹ̀rọ ni wọ́n jọ ń pinnu ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò sinmi. Àǹtí fúnra wọn ni wọ́n ní kí a dín ọjọ́ wọn kù sí ẹyọ kan, kí owó wọn sì dín, torí iṣẹ́ èèpo kò nílò wọn mọ́. Ọjọ́ kan tó kù, orí omi tó ń jáde lábẹ́ jáàkì ni wọ́n fi sí, omi funfun tó ní sítáàṣì nínú, tí a ṣì ń dà dànù. Wọ́n ti ní kí a ra ike ńlá mẹ́rin, kí a jẹ́ kí omi náà tòrò, kí a wọn ohun tó bá sùn sí ìsàlẹ̀.